Ìwo Tí Ivo Kò Fọn

Ivo ará Wenlow ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi. Ó ní kí ó dúró sínú igbó, ó ṣèlérí pé òun yóò fọn ìwo bàbá wọn láti pè é wálé nígbà tí ewu bá kọjá, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, kò fọn ìwo náà. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Kò sí ẹni tí ó dí i lọ́wọ́. Ọdún méjìlá gbáko ni ìwo náà fi wà lára ògiri yàrá rẹ̀, ó sì ń rí i ní gbogbo òwúrọ̀ tí ó bá jókòó láti wọ bàtà.

Ọ̀rọ̀ ajá ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òfin ọba ni pé ajá ńlá tí ó bá ń gbé nítòsí igbó ọba, kí wọ́n gé èékánná mẹ́ta kúrò ní ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan, kí ó má baà lè lé àgbọ̀nrín. Hamo, àkọ́bí Wenlow, ní ajá kan tí ń jẹ́ Bel. Wọ́n ti gé ti Bel láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ajá, ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan nígbà ìkórè, ẹ̀ṣọ́ igbó ọba kan mu ọtí yó dé ẹnu ọ̀nà wọn, ó fa àáké yọ, ó ní òun yóò gé ti òsì náà. Hamo tì í. Ọkùnrin náà ṣubú, ó fi orí lu ọlọ tí wọ́n fi ń pọ́n dòjé, ní ọjọ́ kẹta ó kú. Ènìyàn méje ló rí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, gbogbo wọn ni ìbá sì búra fún Hamo. Bí ó bá jáde wá sí kóòtù, ó ṣeé ṣe kí ó sùn sílé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jáde wá. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí: ní kóòtù ńlá tí aṣojú ọba ń jókòó sí nínú ilé olódi, olùkéde yóò ké orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Bí kò bá dáhùn, wọ́n á dúró di ìjókòó tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún ké e. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni. Bí ẹ̀ẹ̀karùn-ún bá kọjá láìsí ìdáhùn, òfin ti ta á nù, wọ́n á ní orí ìkookò ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i lè pa á bí ìkookò, kò ní jẹ̀bi. Kò ní ilẹ̀ mọ́, kò lè jogún bàbá rẹ̀.

Roland bàbá wọn wà lórí àìsàn nígbà náà, kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Ivo nìkan ló lọ bá Hamo nídìí Òkúta Ààlà, níbi tí ilẹ̀ Wenlow ti pin, tí igbó ọba bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún un pé aṣojú ọba ti búra láti so ó rọ̀, pé ẹlẹ́rìí kankan kò ní ṣe é láǹfààní. Irọ́ ni. Ó ní òun fúnra òun yóò lọ tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ọba. "Ẹ má kúrò nídìí òkúta yìí," ó wí. "Ọjọ́ tí mo bá rí i gbà, màá gun orí òkè, màá fọn ìwo bàbá wa lẹ́ẹ̀mẹta."

Hamo gbá a mọ́ra. "Ìwọ ni mo gbọ́kàn lé, Ivo. Tí ìwo yẹn bá ti dún, màá dáhùn."

Ìjókòó márààrún ni Ivo lọ. Orí bẹ́ǹṣì kẹta ló máa ń jókòó sí, á tẹrí ba. Bertram olùkéde, tí ohùn rẹ̀ lè la ìkùukùu já, á dìde, á ké pé, "Hamo ọmọ Roland ará Wenlow, jáde wá kí o dáhùn." Gbogbo ilé á dákẹ́. Lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn á máa gbá Ivo lẹ́jìká jẹ́jẹ́, wọ́n á ní kí ó mú ọkàn le. Ó ń gba ìkẹ́dùn wọn. Mo rò pé ìyẹn burú ju irọ́ náà lọ.

Roland kú nígbà ìrúwé. Ivo jogún Wenlow.

Kò pẹ́ tí ìtàn fi bẹ̀rẹ̀. Opó kan jí, ó bá ìdajì àgbọ̀nrín lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Agbowó-orí kan sọnù sínú kùrukùru, nígbà tí ó jáde, bàtà tí ó gbà lẹ́sẹ̀ àwọn tálákà kò sí nínú àpò rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní Hamo ni. Ọkùnrin gíga kan àti ajá rẹ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í dúró pẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, kò sí ilé tí wọn kì í ti í sọ ìtàn Hamo Orí-Ìkookò nídìí iná. Ivo rí i pé ìtàn náà ń ṣe orúkọ ìdílé lóore. Bí àlejò bá béèrè, á rẹ́rìn-ín, á ní bí ẹ̀gbọ́n òun ti rí láti kékeré nìyẹn. Ohun tí ó tún jẹ́ ìtura fún un ni pé Hamo kò kú. Bí ó bá ń jẹ àgbọ̀nrín ọba, tí gbogbo ayé ń fẹ́ràn rẹ̀, kí wá ni òun ṣe fún un tí ó burú tó bẹ́ẹ̀?

Bí ọkàn rẹ̀ ti wà nìyẹn di ọjọ́ àjọ̀dún Màtíìnì Mímọ́, ní ọdún kejìlá.

Ọjọ́ tí wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀ fún ìgbà òtútù ni, èéfín àti òórùn irun ẹlẹ́dẹ̀ tí iná jó sì gba àgbàlá kan. Ọjọ́ náà tún ni ìjókòó kóòtù abúlé, tí ó máa ń wáyé nínú gbọ̀ngàn Ivo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Odo, alámòójútó ilẹ̀, ń ka orúkọ àwọn tí ń dáko lórí ilẹ̀ Wenlow látinú ìwé awọ, oníkálukú ń dáhùn pé òun wà níbẹ̀. Nígbà tí ó ka orúkọ Wat ọlọ́lọ, ẹni tí ń bá abúlé lọ ọkà, tí Wat dáhùn, Odo dúró láti yí ìwé padà.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ kékeré yẹn ni Ivo gbọ́ ohùn Bertram. Bertram ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ni, kò sí méjì rẹ̀: "Hamo ọmọ Roland ará Wenlow, jáde wá kí o dáhùn."

Láti ìta, níwájú géètì, nínú kùrukùru, ẹnì kan dáhùn jẹ́jẹ́. "Mo wà níbí."

Odo gbé ojú sókè. Ó béèrè pé orúkọ ta ni òun pè tí wọ́n fi ń dáhùn. Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Gbogbo wọn ló gbọ́ ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan, àfi Ivo, tí ó gbọ́ ìpè.

"Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, jàre," Wat ọlọ́lọ wí. "Ẹni tó bá ń yọ̀ǹda ara ẹ̀ báyìí, kó wá bá wa túlẹ̀ Ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yìn ń dùn mí." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rán ènìyàn lọ wo géètì, kò bá ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà Ivo pe àwọn ajá rẹ̀ fún ọdẹ. Kò sí èyí tí ó gbé orí. Ó tún pè wọ́n. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀nà géètì bí ajá ti ń wo ọ̀nà tí olówó rẹ̀ gbà jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Odo kò tí ì ka orúkọ mẹ́wàá nígbà tí Bertram tún ké. Inú àgbàlá ni ìdáhùn ti wá lọ́tẹ̀ yìí, nídìí kànga. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín kò dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Yìnyín tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti bọ́ ní àárọ̀, nígbà tí wọ́n sì jáde, wọ́n rí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn láti géètì dé kànga, ojú ẹsẹ̀ ajá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ojú ẹsẹ̀ tí ó padà. Odo bẹ̀rẹ̀, ó na ìka sí ti ajá náà. Ní ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, èékánná mẹ́ta kò sí níbẹ̀. Ó kàn fi bàtà rẹ̀ pa á rẹ́, ó gbé ojú wo Ivo, ó sì yára wo ibòmíràn.

Láti ọjọ́ yẹn ni ohùn Ivo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Kì í ṣe pé ó há. Òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n nídìí oúnjẹ, ó ní kí wọ́n gbé iyọ̀ fún òun, kò sí ẹni tí ó gbé e. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí Odo tó fò dìde. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Mi ò gbọ́ pé ẹ sọ̀rọ̀." Ó lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ láti bá a wí nípa bàtà ẹṣin, ọkùnrin náà ń lu irin rẹ̀ lọ, ó ń kọrin jẹ́jẹ́ fún ara rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó dúró tì í.

Ìdáhùn kẹta wá láti ẹnu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìrì dídì ti yọ lára igi rẹ̀ ní ìrísí àtẹ́lẹwọ́, bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn tí kò sì fẹ́ tì í. Àwọn tí wọ́n wá sí kóòtù gba ẹ̀yìn jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ivo wọ yàrá bá Idonea, ìyàwó rẹ̀, tí ń rán aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó pè é. Ó tún pè é. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó pè é ní orúkọ tí ó ń pè é nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn, obìnrin náà sì já òwú, ó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó ń wo ìta. Nígbà tí ó fọwọ́ kàn án léjìká ló ta gìrì.

"Olúwa mi, kí ló dé tí ẹ ń yọ́ wọlé bí olè?"

Ó sọ fún un pé òun ti pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Idonea tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ bí adití ti ń wo ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè. Gbogbo ilé ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n yín ń bọ̀ wálé. Tí ó bá jẹ́ òun ni, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Kí lẹ ṣe fún un tí ẹ̀rù ẹ̀ fi ń bà yín?"

Ó dáhùn pé òun kò ṣe nǹkan kan. Èyí ni Idonea kò gbọ́ rárá.

Ivo lọ sí ilé Gunnora ní ọjọ́ kejì. Gunnora ló tọ́ òun àti Hamo dàgbà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ sì ti di tipẹ́. Bí ènìyàn bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kí ó pariwo sí i létí. Ivo wọlé, ó jókòó lórí àpótí kékeré nídìí iná, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé òtútù yìí mà pọ̀.

"Ó pọ̀," Gunnora wí. "Ṣùgbọ́n kò tó ti ọdún yẹn."

Ivo fa àpótí náà sún mọ́ ọn. Ó béèrè bóyá ó ń gbọ́ òun.

"Mò ń gbọ́ ọ dáadáa. Ìwọ nìkan ni mò ń gbọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí. Mo mọ̀ pé ò ń bọ̀." Ó ti igi kan sínú iná. "Ọdún tí wọ́n ń ké orúkọ Hamo ní kóòtù, kí wọ́n tó ké e lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo gbé búrẹ́dì lọ sí Òkúta Ààlà. Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò wà, torí ibẹ̀ lẹ̀yin méjèèjì máa ń sá sí tí mo bá fẹ́ nà yín. Mo bá a níbẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti òkúta, yìnyín ti bò ó dé àyà. Ajá ẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti kú, ọmọ mi. Ó tó ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ tí wọ́n ti kú."

Ivo dìde lórí àpótí, ó tún jókòó.

"Ó kọjú sí òkè," Gunnora wí. "Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, báyìí. Mi ò lè ká ọwọ́ náà wálẹ̀. Báyẹn ni mo ṣe kó òkúta bò wọ́n. Mo fẹ́ sọ fún bàbá yín, bàbá yín ò mọ ènìyàn mọ́. Nígbà tí kóòtù sì ti ní orí ìkookò ló wà lọ́rùn ẹ̀, mo mọ̀ pé bí mo bá lanu, wọ́n á wá gé orí náà lọ fún aṣojú ọba. Ni mo bá dákẹ́."

Ivo béèrè pé ta wá ni ó ń gbé àgbọ̀nrín fún àwọn opó láti ọdún méjìlá.

"Mi ò mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ní irọ́ ni. Ní ọdún keje, ibà dá mi dùbúlẹ̀, iná mi kú. Ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé, ó la igi fún mi, ó dáná. Ó ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn etí ẹ̀ síbẹ̀." Ó yí ojú sí Ivo fún ìgbà àkọ́kọ́. "Kí ló ń fetí sí, Ivo? Ọdún méjìlá ni mo fi ń retí kí ìwọ kọ́kọ́ sọ ọ́."

Ó sọ fún un. Ó sọ nípa irọ́ tí ó pa, nípa ìlérí náà, nípa ìwo tí ó wà lára ògiri. Ó sunkún. Gunnora kò nà án, kò sì gbà á mọ́ra. Ó jókòó títí tí igi fi jó tán, ó wá ní kò tó kí ó sọ ọ́ fún òun nìkan. "Àwọn tó gbọ́ bí Bertram ṣe ń ké e ni kó o lọ sọ ọ́ fún, níbi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Kó o tó di ẹni tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ń ké e. Ó ti dáhùn mẹ́ta."

Ẹni tí ó bá ní ìtìjú dáadáa ìbá ti gun ẹṣin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ivo padà sílé. Ó ronú pé bí òun bá sọ ọ́ ní kóòtù ńlá, wọn yóò gba Wenlow lọ́wọ́ òun, orúkọ òun yóò di ohun ìtutọ́ sí ní gbogbo ẹkùn, Idonea yóò sì mọ irú ẹni tí òun fẹ́. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ wo ti ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ìrònú yẹn.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ènìyàn mẹ́fà péré ló wá sí kóòtù abúlé. Wat ọlọ́lọ wà níbẹ̀, kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ivo jókòó lórí àga ọlọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ àga mú. Bertram ké. Ìdáhùn kò ti ẹnu ọ̀nà wá. Ẹ̀yìn àga ni ó ti wá, lókè orí Ivo díẹ̀, ní ibi tí ẹnu ènìyàn gíga máa ń wà bí ó bá tẹ̀ síwájú.

"Mo wà níbí."

Èémí náà tutù lórí ọrùn rẹ̀. Kò sí ìbínú nínú ohùn náà. Ìyẹn ni kò ṣeé fara dà. Ohùn ẹni tí wọ́n pè ni, tí ó ń jẹ́ ìpè, tí ó sì ṣì gbà pé ire ni wọ́n fẹ́ fi ṣe òun. Nígbà tí Ivo dìde, ìrì dídì bo gbogbo ẹ̀yìn àga náà, àfi ibi tí ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ ti wà.

Ó sáré lọ bá Fadá Ansel ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rò pé bí òun bá sọ ọ́ fún àlùfáà nìkan, ní ìkọ̀kọ̀, Ọlọ́run yóò kà á sí ìjẹ́wọ́, ilẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ òun. Ó kúnlẹ̀ lórí òkúta tútù, ó jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó pẹ́ títí. Nígbà tí ó parí, ó gbé ojú sókè, ó ń dúró de ìdáríjì.

Fadá Ansel rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó mi orí. "Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Mo ti ń dúró láti àárọ̀. Ìgbà tí o bá ti ṣetán, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀."

Ìgbà náà ni Ivo mọ̀ pé kò sí ibi ìsápamọ́ mọ́.

Kóòtù ńlá àti kóòtù abúlé bọ́ sí ọjọ́ kan náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ kejì àjọ̀dún tí wọ́n ń bù kún àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ivo mú ìwo bàbá rẹ̀ kúrò lára ògiri. Eruku ti dì sí ẹnu rẹ̀. Ó fi apá aṣọ nù ún. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ aṣọ àwọ̀lékè onírun, ó wọ ẹ̀wù àwọ̀sùn lásán bí àwọn tí ń ṣe ìrònúpìwàdà. Idonea jókòó sórí ibùsùn, ó ń wò ó. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé, ó rí i ní ojú obìnrin náà pé kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí ìwo náà, ó sì na ìka sí òkè tí ó wà ní ìta fèrèsé, lẹ́yìn náà sí igbó. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Idonea kì í ṣe òmùgọ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà, kò sì padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n ó wọ bàtà, ó tẹ̀ lé e.

Gbọ̀ngàn inú ilé olódi kún. Aṣọ tí ó tutù ń rú èéfín, àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí àgùntàn àti ààlà oko. Aṣojú ọba wà lórí pẹpẹ, akọ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ivo dúró níwájú bẹ́ǹṣì kẹta, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun láyè. Kò sí ẹni tí ó yí ojú. Ó pariwo. Ọkùnrin kan tí ó wà ní ọ̀tún rẹ̀ ń bá ẹni tí ó wà ní òsì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń wò ó kọjá bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó gun orí bẹ́ǹṣì, ó ké títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Akọ̀wé ń gbẹ́ ẹnu kálàmù rẹ̀.

Ó wá gbọ́ ohùn Bertram lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló ti wá, ó sì balẹ̀, bí ti ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ Hamo ni ó pè.

"Ivo ọmọ Roland ará Wenlow, jáde wá kí o dáhùn."

"Mo wà níbí," Ivo wí. Ohùn rẹ̀ kò dé ibì kankan. "Mo wà níbí. Mo wà níbí."

Kò sí ẹni tí ó gbọ́. Ó mọ̀ wàyí bí ó ti rí fún ẹni tí ó wà láàyè tí wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé lórí orúkọ rẹ̀. Ó gbé ìwo náà sẹ́nu, ó sì fọn ọ́n.

Ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, gbogbo orí yí. Ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, aṣojú ọba dìde dúró. Nígbà tí ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ìró rẹ̀ kọjá láàárín àwọn òpó, ó jáde lójú fèrèsé, ó lọ sí ọ̀nà òkè. Ó pẹ́ kí ó tó kú.

"Ta ló fọn ìwo ní kóòtù ọba?" aṣojú ọba béèrè.

"Èmi ni," Ivo wí. Wọ́n gbọ́ ọ. Ó rí i ní ojú wọn pé wọ́n gbọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì tí ó máa ń jókòó sí.

Àwọn tí wọ́n wà nítòsí ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í yà sápá kan, láì mọ ìdí rẹ̀, bí ènìyàn ti ń yà fún ẹni tí ó fẹ́ kọjá. Ọ̀nà tóóró kan là láàárín èrò. Ìró èékánná ajá dún lórí òkúta ilẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta dún dáadáa, ẹ̀kẹrin kò dún. Ivo kò wo ibẹ̀. Ó wo àwọn ènìyàn, nítorí àwọn ni ó parọ́ fún, ó sì sọ̀rọ̀.

"Èmi Ivo ni mo pa ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ké orúkọ ẹ̀ níbí, orí bẹ́ǹṣì yìí ni mo jókòó sí, ẹ sì ń bá mi kẹ́dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ò sá fún ìdájọ́ yín. Èmi ni mo sọ fún un pé ẹ máa so ó rọ̀. Èmi ni mo ní kó dúró de ìwo yìí, mi ò sì fọn ọ́n, torí mo fẹ́ jogún ilẹ̀ tí kì í ṣe tèmi. Òtútù ló pa á, níbi tí mo ní kó jókòó sí. Ó ti kú kí ẹ tó ké e lẹ́ẹ̀karùn-ún. Òkú lẹ lé kúrò nínú òfin. Ẹ̀bi yẹn kì í ṣe tiyín, tèmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú orí ìkookò yẹn kúrò lọ́rùn ẹ̀, ẹ gbé e lé èmi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méje tí wọn ìbá búra fún un. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó mi, tí mo fi irọ́ fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún méjìlá ni mo fi ń rí ìwo yìí láràárọ̀, tí mi ò fọwọ́ kàn án. Kò sí àwáwí kankan lẹ́nu mi. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà gbé ọwọ́ yẹn kúrò létí. Ìwo ti dún. Ẹ máa bọ̀ nílé."